Kò Sí Egbére ní Ilẹ̀ Kọ́lọ́fín

3.

…tí ó fi ní kí n tún òmíràn mú. Mo ní mi ò tún òmíràn mú. Ó ní ìran mẹ́ta ló wà nílẹ̀, kí n mú ọ̀kan nínú wọn. Mo ní egbére ni mo mú. Ó ní kò sí egbére.

Mo ní, "Ta ló ní kò sí?"

Ó ní, "Èmi tí mo dá ilẹ̀ náà."

Mo dìde. Mo mú bàtà mi. Mi ò wọ̀ ọ́, ọwọ́ ni mo gbé e dání jáde.

(Ẹ má wá ìkíní àti ìkejì. Mo ti ya wọ́n. Èébú ló kún inú wọn.)


4.

Kí ẹni tó ń kà á má baà sọnù:

Adéyanjú ni télọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Mówè, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń la títì tuntun tó máa ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ó ja ogun. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń wa maṣíìnì. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà nígbà tó dá Ilẹ̀ Kọ́lọ́fín sílẹ̀, láti fi pa ìrònú rẹ́.

Ilẹ̀ Kọ́lọ́fín kò sí níbì kankan. Bébà tí wọ́n fi ń gé pátáànì aṣọ ló yà á sí, ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ló fi yà á. Òkè wà níbẹ̀, odò, igbó, ìlú kan tí òùngbẹ ń pa, àti kànga kan tí wọ́n tì pa sẹ́yìn odi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré á mú ìran kan, á sì di ẹni náà. Á sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. A ó ju dáìsì lúdò. Adéyanjú á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tó bá ti sọ ọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wa ni pé kí a lọ ṣí kànga náà.

Mùsáfírù ń wa típà, ó ń kó erùpẹ̀ fún àwọn tó ń la títì. Nínú eré, ọmọ àpáta ni.

Hàfísátù ń ta kẹrosíìnì ní Ìbàfò. Ìyá Ròkí là ń pè é. Nínú eré, ará odò ni.

Èmi Láwàlì, mò ń lẹ táyà ní gáréèjì Ìbàfò. Egbére ni mí.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday là ń ṣe é, tí Adéyanjú bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí àwa náà ti kírun.

Adéyanjú jù mí lọ dáadáa. Ó yẹ kí n kọ "wọ́n" síbi tí mo kọ "ó" sí. Mi ò ní kọ ọ́. Tí inú mi bá yọ́, bóyá.


5.

ÌKÉDE
(lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí)

NÍ ILẸ̀ KỌ́LỌ́FÍN, ÌRAN MẸ́TA LÓ WÀ.
ỌMỌ ÈÈYÀN.   ARÁ ODÒ.   ỌMỌ ÀPÁTA.
KÒ SÍ IWIN.
KÒ SÍ ÒMÌRÁN.
KÒ SÍ ÀNJỌ̀NÚ.
Ẹ MÁ BÈÈRÈ.


KÒ SÍ EGBÉRE.


6.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí mi ló ṣe kọ ọ́. Ẹ wo bó ṣe jìnnà sí àwọn yòókù.


7.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ṣòkòtò ni mo gbé lọ kó bá mi gé. Gbogbo ṣòkòtò tí mo bá rà ni mo gbọ́dọ̀ gé. Àwọn télọ̀ mìíràn máa ń ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ọ̀kan ní Ifọ̀ bi mí bóyá èyí tó ṣẹ́ kù á tó ṣòkòtò kejì fún mi. Adéyanjú fi téèpù wọ̀n mí, ó pe iye rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́bọ̀.

Kò sọ nǹkan kan. Mo dúró kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

Nígbà tí mo padà wá lọ́jọ́bọ̀, ó ní, "Ṣé o lè jókòó díẹ̀? Ìlú kan wà tí òùngbẹ ń pa."


8.

Àwọn tí mi ò kí:

— Oníbúrẹ́dì ẹ̀bá ojú irin ní Ifọ̀. Ó mọ ohun tó ṣe.

— Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ní kí n gun àpótí kí n tó bá òun sọ̀rọ̀.

— Ògúnbọ̀dé, tó gbé ẹ̀rọ tí ń fẹ́ táyà wá síwájú ibi tí mo ń pàtẹ sí. (Mo kí i lọ́dún Iléyá. Àṣìṣe ni.)

— Télọ̀ Ifọ̀.

— Tíṣà mi ní púráímárì. Ó ti kú. Mi ò kí i síbẹ̀.

— Adéyanjú.


9.

Púráímárì fọ́ọ̀, ní Ifọ̀. Mo kúrú jù gbogbo wọn lọ, iwájú ni wọ́n máa ń fi mí sí. Lọ́jọ́ náà mò ń sunkún. Tíṣà dé iwájú mi, ó dúró, ó wò mí láti òkè wá sílẹ̀. Kò jìnnà.

Ó ní, "Egbére. Ẹní rẹ dà?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé síléètì mi, mo gba ojú fèrèsé jáde. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò kí i mọ́. Ṣùgbọ́n tí èmi fúnra mi bá pe ara mi, ta ló kù tí yóò pè mí? Ìdí tí mo fi mú egbére nìyẹn. Mo fẹ́ lò ó kó tó tún lò mí. Mo fẹ́ kó rìn dé ìdí kànga, kó ṣí i, kí àwọn ará ìlú mu omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Adéyanjú ní kò sí.

Bí súkúù ló ṣe rí lójú mi. Ilẹ̀kùn mìíràn.


10.

KÁSẸ́Ẹ̀TÌ KÌÍNÍ

(Mùsáfírù ra rẹ́kọ́dà tuntun. Gbogbo nǹkan ló ń gbà sínú rẹ̀, ó ní kí ìyá òun lè gbọ́ ohùn òun. Lọ́jọ́ tí mo bínú jáde, ó gbàgbé láti pa á. Ó wá gbé e fún mi kí n gbọ́. Mi ò mọ̀ bóyá inú rere ni tàbí òfófó.)

MÙSÁFÍRÙ: Ó ti lọ o. Bàtà ẹ̀ lọ́wọ́.

HÀFÍSÁTÙ: Á padà. Fìlà ẹ̀ wà níbí.

MÙSÁFÍRÙ: Ẹ ò mọ Láwà. Á ra fìlà tuntun.

HÀFÍSÁTÙ: Bọ̀ọ̀dá Yanjú, ẹ jẹ́ kó ṣe egbére ẹ̀ jàre. Kí ló máa bàjẹ́ níbẹ̀?

ADÉYANJÚ: Ìyá Ròkí, tí egbére bá gba iwájú rẹ kọjá báyìí, ẹní lábíyá, kí lo máa ṣe?

HÀFÍSÁTÙ: Màá já ẹní yẹn gbà! Kí n lówó!

MÙSÁFÍRÙ: Lójú tèmi? Típà ni màá gbé dí ẹ lọ́nà.

HÀFÍSÁTÙ: Gbé e wá. Màá da kẹrosíìnì sí i.

ADÉYANJÚ: Ẹ ti dáhùn.

(maṣíìnì)


11.

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá gba ẹní egbére, tó sì fara da ẹkún rẹ̀, owó dé. Ìyá gbogbo wa ló sọ ọ́ fún wa.

Mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn títí bátìrì fi kú. Mo ní àwáwí ni. Ẹni tó lè dá odò, kò lè dá ẹní tí kò mówó wá?


12.

Ọ̀rọ̀ tí Mùsáfírù ń bá wa kó lọ kó bọ̀ nínú típà:

ÈMI: Ní kó fi fìlà mi ránṣẹ́.

ADÉYANJÚ: Ní kó wá mú un.

ÈMI: Mo ti ra òmíràn.

ADÉYANJÚ: Kò burú. Èyí wà lórí àga rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.

ÈMI: Mi ò bèèrè àga.

ADÉYANJÚ: Mo mọ̀.

MÙSÁFÍRÙ, láti ẹnu ara rẹ̀: Ẹ̀yin méjèèjì, erùpẹ̀ ni mò ń kó. Mi ò kí ń ṣe pósítọ́fíìsì.


13.

Bí Hàfísátù ṣe sọ ọ́ nìyí, mi ò bu òróró lé e. Ó gbé gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì rẹ̀ kalẹ̀ sáàárín táyà mi, ó jókòó lé e:

Ìwọ Láwàlì, gbọ́. Láti ìgbà tí o ti lọ, a ò tíì kúrò lójú kan. Èmi àti Mùsá wà létí odò, à ń wo ara wa. Bọ̀ọ̀dá Yanjú ní ọ̀nà yẹn kò ṣeé gbà fún ẹni méjì. Irọ́ ni. Àwọn ló dá ọ̀nà. Tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè fi afárá síbẹ̀ kí n tó pajú dé. Wọ́n ń dúró dè ọ́ ni, wọn ò sì ní sọ. Ìwọ náà ò ní lọ. Ẹ̀yin olóríkunkun. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé mi. Bàbá wọn wà ní Kàdúná, ó ní òun ń bọ̀. Láti Monday dé Saturday, Ìyá Ròkí ni mí, òórùn kẹrosíìnì ni mí. Ọ̀sán Sunday nìkan ni mo fi ń jẹ́ ará odò. Mo máa ń gba abẹ́ omi kọjá. Ẹ̀yin méjèèjì sì jókòó lé e mọ́lẹ̀.

Ó dìde, ó gbé gálọ́ọ̀nù rẹ̀.

Ó ní, "Fìlà tuntun yẹn ò sì yẹ ọ́."


14.

Lọ́jọ́ náà mo lẹ táyà kan tí kò jò.


15.

ÀTÚNṢE SÍ ÌKÉDE
(lára ògiri kan náà, ní Sunday tí mo padà lọ)

EGBÉRE LÈ WÀ. Ọ̀KAN PÉRÉ.
A. KÒ GBỌDỌ̀ GBÉ ẸNÍ RẸ̀ SÍLẸ̀.
B. KÒ GBỌDỌ̀ SỌ̀RỌ̀ LÁÌSUNKÚN.
D. OHUN TÍ OJÚ RẸ̀ BÁ RÍ, KÓ MÁ BI MÍ.


16.

KÁSẸ́Ẹ̀TÌ KEJÌ

ADÉYANJÚ: Ẹ wà létí odò. Egbére kan jáde láti inú ewé, ó ká ẹní sábẹ́ abíyá. Láwàlì, kí lo ṣe?

LÁWÀLÌ: Mo kí wọn.

ADÉYANJÚ: Ẹkún dà?

LÁWÀLÌ: Hìì. Hìì. Mo kí wọn.

MÙSÁFÍRÙ: Ẹ gbọ́ ẹkún! Bíi táyà tó ń jò!

ADÉYANJÚ: Ọmọ àpáta, kí lo ṣe?

MÙSÁFÍRÙ: Mo dì mọ́ ẹní.

HÀFÍSÁTÙ: Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀! Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i!

LÁWÀLÌ: Ìyá Ròkí! Ìwọ náà?

HÀFÍSÁTÙ: Má bínú, Láwà. O mọ iye ọmọ tí mo ní.

ADÉYANJÚ: Ẹkún, Láwàlì.

LÁWÀLÌ: Hìì! Ìyá Ròkí! Ìwọ náà?

OHÙN OBÌNRIN KAN (oníbàárà, ó wá gba búláòsì): Ẹ mú un lẹ́sẹ̀! Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú!

ADÉYANJÚ: Màmá, ẹ ò sí nínú eré.

OHÙN OBÌNRIN: Mo ti wà níbẹ̀ báyìí.

(dáìsì)

MÙSÁFÍRÙ: Mẹ́fà! Mo ti já a gbà! Mo ti lówó!

ADÉYANJÚ: Ìlú tí òùngbẹ ń pa ńkọ́?

(ẹ̀rín)

ADÉYANJÚ: Mo ní, kànga ńkọ́?

MÙSÁFÍRÙ: Bọ̀ọ̀dá, mo ti lówó. Màá ra omi fún wọn.


17.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò burú. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé kò burú. Nígbà yẹn, mi ò mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ti ń wá bàtà lábẹ́ àga.


18.

Kò sẹ́ni tó bi egbére pé kí ló ń pa á lẹ́kún.


19.

KÁSẸ́Ẹ̀TÌ KEJÌ, ìyókù rẹ̀

ADÉYANJÚ: Ẹ dákẹ́. Ẹnì kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Bàbá àgbàlagbà. Ó ń tiro.

MÙSÁFÍRÙ: Ta nìyẹn?

ADÉYANJÚ: Èmi ni.

HÀFÍSÁTÙ: Ẹ̀yin kì í wọlé síbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.

ADÉYANJÚ: Mo ti wọlé. Bàbá náà jókòó ti egbére nílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó lè jókòó nítorí ẹsẹ̀. Ó ní, egbére, kí ló dé tí ò ń sunkún?

(Típà kan kọjá lóde.)

LÁWÀLÌ: Ìyá mi kó ẹrù ẹ̀ láàárọ̀.

ADÉYANJÚ: Ó lọ síbo?

LÁWÀLÌ: Òkè-Aró. Ó ní òun ò lè gbélé bàbá mi mọ́. Ó ní kí n má tẹ̀ lé òun, kí n máa lọ sí súkúù.

ADÉYANJÚ: O wá lọ sí súkúù.

LÁWÀLÌ: Mo lọ.

HÀFÍSÁTÙ: Háà. Láwà.

ADÉYANJÚ: Egbére ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o, Ìyá Ròkí.

MÙSÁFÍRÙ: Gbà. Ẹní ẹ nìyí.

OHÙN OBÌNRIN: Ṣé kò ní ju dáìsì ni?

MÙSÁFÍRÙ: Mi ò ju nǹkan kan. Gba ẹní ẹ, Láwà.


20.

Ohun tí Bọ̀ọ̀dá Yanjú sọ fún mi nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, tí wọ́n ń ká bébà:

"Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ọ́ ní gáréèjì. Kó tó di pé o gbé ṣòkòtò wá ni mo ti gbọ́ ọ. Mo sọ fún ara mi pé, tí ibì kan bá máa wà tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sọ ọ́ sí i, ibí ni. Mi ò lágbára lórí Ìbàfò. Mo lágbára lórí bébà mi. Àfi bí ìwọ fúnra ẹ ṣe gbé e wọlé."

Mo ní kí ló dé tí wọn ò ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n ní, "Tí mo bá ṣàlàyé, mo ti pè ọ́ nìyẹn."


21.

Mo bínú. Wọ́n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń wò mí. Wọ́n ṣàánú mi láìgbàṣẹ. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi láti Mówè, mo sì ń to èébú jọ sẹ́nu. Nígbà tí mo dé Ìbàfò, mo wá ìbínú náà, mi ò rí i mọ́. Mo wá a dáadáa. Èmi tí ìbínú ogún ọdún kì í sọnù mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo dúpẹ́ pé wọ́n kọ̀ fún mi. Kò sí ẹni tó ti tì mí síta nítorí kí wọ́n má baà fi mí ṣẹ̀sín rí.

Mo sì dúpẹ́ pé wọ́n gbà fún mi.

Mi ò mọ èyí tí ọpẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ọpẹ́ kò mọ́ mi lára, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.


22.

Àwọn tí mi ò kí:

— Oníbúrẹ́dì.

— Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

— Ògúnbọ̀dé.

— Télọ̀ Ifọ̀.

— Tíṣà.

—

— Obìnrin oníbúláòsì tó ní kí wọ́n mú mi lẹ́sẹ̀. (Mo ṣì ń rò ó.)


23.

KÁSẸ́Ẹ̀TÌ KẸTA

ADÉYANJÚ: Ẹ ti dé ẹnu ibodè. Kànga wà lẹ́yìn odi yìí gan-an, ẹ̀ ń gbọ́ òórùn omi. Oníbodè dìde. Ó ní, ọmọ àpáta, wọlé. Ará odò, wọlé. Egbére, dúró síta.

HÀFÍSÁTÙ: Kí ló ṣe?

ADÉYANJÚ: Òfin ìlú ni. Ìran mẹ́ta ló ń wọbí.

HÀFÍSÁTÙ: Bọ̀ọ̀dá Yanjú, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ni àbí oníbodè?

ADÉYANJÚ: Oníbodè. Ó ti pẹ́ tí mo ti dá a, ọ̀rọ̀ mi ò wọ̀ ọ́ létí mọ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá a sọ ọ́.

LÁWÀLÌ: Hìì. Ẹ máa wọlé lọ. Ẹ lọ ṣí kànga. Hìì. Màá dúró síbí.

MÙSÁFÍRÙ: Dákẹ́ jàre. Oníbodè! Egbére lèmi náà.

ADÉYANJÚ: Ìwọ? O ga tó igi.

MÙSÁFÍRÙ: Egbére gíga ni mí. Ìyá mi ló ga.

ADÉYANJÚ: Ẹkún rẹ dà?

MÙSÁFÍRÙ: Hóò! Hóòò!

HÀFÍSÁTÙ: Ẹkún nìyẹn àbí típà tí kò fẹ́ sitáàtì? Oníbodè, wò mí níbí. Yé. Yéè. Egbére ni mí.

ADÉYANJÚ: Ẹní rẹ ńkọ́?

HÀFÍSÁTÙ: Ó wà nílé. Àwọn ọmọ ń sùn lórí ẹ̀.

OHÙN OBÌNRIN: Ẹ jẹ́ n bá yín sun ún!

ADÉYANJÚ: Màmá, búláòsì yín ti jáde láti ọjọ́sí.

OHÙN OBÌNRIN: Yéèè!

ADÉYANJÚ: (ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín) Oníbodè wò yín lọ, ó wò yín bọ̀. Kò mọ èwo ni èwo mọ́. Ẹ ju dáìsì. Tó bá jẹ́ mẹ́rin sókè, ó gbà yín gbọ́.

MÙSÁFÍRÙ: Láwà ni kó jù ú.

LÁWÀLÌ: Hìì. Mi ò lè jù ú. Ẹní wà lọ́wọ́ mi.

HÀFÍSÁTÙ: Gbé ẹní fún mi, mo bá ọ mú un dání.

(àga Láwàlì dún)

HÀFÍSÁTÙ: Mi ò ní já a gbà. Wò mí lójú.

(kásẹ́ẹ̀tì tán)


24.

Ọkọ ìyàwó kan wọlé, ó ní wọn ò tíì ṣe ọrùn agbádá òun, òun sì ń gbéyàwó. Bọ̀ọ̀dá Yanjú ká bébà kí a tó ju dáìsì, pẹ̀lú oníbodè nínú rẹ̀.


25.

Ọjọ́rú. Gáréèjì Ìbàfò. Oòrùn mú.

Mò ń fi òkúta họ túúbù. Ògúnbọ̀dé wà níwájú mi, a ò kí ara wa. Àwọn awakọ̀ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn.

Típà kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Mówè, erùpẹ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dé ọ̀kánkán mi, ó dẹ eré rẹ̀. Mùsáfírù yọ orí síta lójú fèrèsé.

"Hóò! Hóòò! Láwà! Hóòòò!"

Gbogbo gáréèjì yíjú. Wọ́n wo típà. Wọ́n wò mí. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu wọn, mo rí i bó ṣe ń bọ̀.

Mo gbé túúbù sílẹ̀. Mo dìde dúró. Mo mí dé inú.

"HÌÌ!" ni mo ké padà fún un. "HÌÌÌ! MÙSÁ! HÌÌÌÌ!"

Hàfísátù wà lódìkejì títì, ó ń rọ kẹrosíìnì sínú ìgò fún ẹnì kan. Kò gbójú sókè. "Yé," ló ní, lọ́nà jẹ́jẹ́, kẹrosíìnì kò sì dà sílẹ̀. "Yéè."

Ògúnbọ̀dé fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jáde lásán. Ìyá àgbà kan sáré wá bá mi, ó di orí mú, gèlè rẹ̀ ti ń tú.

Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ta ló kú?"

Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Omi ń dà lójú mi, mi ò sì lè pa ẹnu dé fún ẹ̀rín.

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú, ìyá. Ẹnu ibodè la wà. A ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n máa ṣílẹ̀kùn."